Kẹ̀kẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọmọ Kékeré

 

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í yé dún nínú ilé tí ọmọ kékeré bá wà: “Bàbá, ìgbà wo lẹ máa ra kẹ̀kẹ́ mi?” Bàbá ti ṣèlérí pé bí ọmọ bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, òun yóò ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ọmọ ti ṣe tirẹ̀, ó ti mú ìwé èsì rẹ̀ wálé. Ó wá ku Bàbá. Owó oúnjẹ ń bẹ níwájú, owó ilé-ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn, onílé kò sì gbọ́ àwáwí. Bàbá kò fẹ́ ba ìlérí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ jẹ gbèsè. Kẹ̀kẹ́ tí kò wọ́n ni ó ń wá kiri.

N kò rí ohun tó burú nínú kẹ̀kẹ́ tí kò wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ òní ni pé oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré, ó sì tán síbẹ̀. Òmíràn wà tí owó rẹ̀ kéré lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ọmọ yóò fi ara rẹ̀ san ìyókù nílé. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti ra irú kejì yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí.

Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 5, mo sì lọ wá kẹ̀kẹ́ fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo dé, mo rí ọ̀kan tó pupa fòò, tó ní agogo níwájú àti agbọ̀n kékeré. Ó ga, ó sì dán. Mo ní, “Ṣé èyí kò tóbi jù fún ọmọ ọdún 5?” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má ra kékeré o. Ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́. Èyí ni yóò lò títí yóò fi wọ ilé-ìwé girama. Mo sì ti dín owó rẹ̀ kù fún yín.” Lóòótọ́, owó tó pè kò tó èyí tí wọ́n ń pè lé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò ó nínú ara mi pé, ṣebí báyìí náà ni a ṣe ń ra sálúbàtà àti aṣọ ilé-ìwé: a ó rà á kó tóbi díẹ̀, ọmọ yóò sì bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Mo sanwó, mo gbé kẹ̀kẹ́ wálé bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ilẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ́jú fún ìgbà pípẹ́. Òkè ni, ọ̀gbun ni. Níwájú ilé wa, ọ̀nà náà rọra ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹnu gọ́tà. Ní ọjọ́ kejì, mo di kẹ̀kẹ́ mú, ọmọ gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ. Mo kígbe pé, “Fa bíréèkì! Fa bíréèkì!” Ó na ìka, ìka kò tó bíréèkì. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ kò tólẹ̀. Inú gọ́tà ni wọ́n jọ bá ara wọn. Eyín iwájú méjì yọ, egungun ọwọ́ òsì kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di ọwọ́ náà, ọdún kan gbáko sì kọjá kí ọmọ yẹn tó tún jẹ́ sún mọ́ kẹ̀kẹ́. Owó tí mo rò pé mo dá sí, ilé ìwòsàn gbà á tán, ó tún bèèrè èlé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi wo iwájú, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e. Èmi wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé kì í ṣe ọmọ ló ṣubú, ìṣirò mi ló ṣubú.

Ní àdúgbò wa, baba àgbàlagbà kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi. Òun àti baba mi ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rí. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá a kó lè bá mi tún un ṣe, kí n tà á. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Tíṣà, nígbà tí o lọ ra kẹ̀kẹ́ yìí, ta ni o wọ̀n?”

Mo ní, “Bàbá, n kò wọn ẹnikẹ́ni.”

Ó ní, “Télọ̀ wo ló ń rán ṣòkòtò láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́? Aṣọ tó tóbi, a lè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi, kí ni o fẹ́ ká níbẹ̀? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá fún yín lálẹ́ òní. Àwọn àgbàlagbà kan tó ń gbọ́ mi lè máa sọ nínú pé, “Ṣebí orí kẹ̀kẹ́ gàgàrà baba wa ni àwa ti kọ́ ọ, tí a ń ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin gbọọrọ, tí a ń wà á lọ́ọ́lọ́ọ́ bí alákàn?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ká ṣòkòtò yín sókè kí ẹ wo ojúgun yín, ẹ ó rí àpá ẹ̀kọ́ náà. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà nígbà náà kò sì pọ̀ tó ti òní.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka owó, ẹ wọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kó bọ́ bàtà, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó nàró ṣánṣán. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé e sókè títí yóò fi kan ìdí itan, bí ẹni pé ó jókòó lé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí òkè ìwé kan lára ògiri. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi àmì náà. Gígùn ẹsẹ̀ ọmọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ sọ́jà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n télọ̀.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gbọ́dọ̀ lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi ara balẹ̀ lórí ilẹ̀. Èyí ni pé gíga ìjókòó, nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ibi tó lè dé, kò gbọdọ̀ ju gígùn ẹsẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn lọ. Bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n gùn tán, a lè gbé ìjókòó sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹ́ pé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Bí ọmọ bá sì dúró, tó fi ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, irin kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kan án ní ìdí itan.

Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọdé kì í fi gíga pè é, bí wíìlì rẹ̀ ti tóbi tó ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 16 × 1.75. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni bí wíìlì ti fẹ̀ tó láti etí kan dé etí kejì, ní íǹṣì. Wíìlì 12 sábà máa ń bá ọmọ ọdún 2 sí 4 mu, 14 a máa bá ọmọ ọdún 3 sí 5 mu, 16 a máa bá ọmọ ọdún 4 sí 6 mu, 20 a sì máa bá ọmọ ọdún 6 sí 9 mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 5 kan lè ga ju ọmọ ọdún 6 lọ. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ orí wá ọ̀nà, kí ẹ fi gígùn ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Wíìlì 20 ni mo gbé fún ọmọ ọdún 5 mi. Ẹ ti rí àṣìṣe mi báyìí.

Bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe háyà fún àwọn ọmọdé bá wà ní àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ gun kékeré àti ńlá wò níbẹ̀, kí ojú yín sì wà lára rẹ̀. Owó háyà ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ àdánù ńlá.

Níbo wá ni a ó ti rí èyí tí kò wọ́n? Tuntun tí kò wọ́n ń bẹ. Tòkunbọ̀, tí àwọn ọmọ òkè òkun ti lò, ń bẹ. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí, ni kẹ̀kẹ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹ mọ ẹni tó lò ó, ẹ sì lè bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ má gbàgbé láti gbé kẹ̀kẹ́ náà wò lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 5 sábà máa ń wọ̀n tó kílò 18. Kẹ̀kẹ́ onírin tí wíìlì rẹ̀ jẹ́ 16 lè wọ̀n tó kílò 9, ìdajì ọmọ fúnra rẹ̀. Àgbà tó wọ̀n ní kílò 70, ẹ fún un ní kẹ̀kẹ́ tó wọ̀n ní kílò 35 kí ẹ wo bí yóò ṣe gùn ún lọ sókè Mápó! Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, a máa fúyẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ní òòfà kékeré lọ́wọ́, ẹ fi kan ara rẹ̀: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bí kò bá lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alumíníọ̀mù. Irin kò burú, a máa lálòpẹ́, jíjó rẹ̀ sì rọrùn. Kó má kàn wúwo jù ni.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ti bá ọmọ mu, ó wá kan àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ ra àgbò Iléyá kì í wo irun rẹ̀ nìkan. Yóò la ẹnu rẹ̀, yóò wo ojú, yóò fọwọ́ kan ẹ̀yìn, yóò sì jẹ́ kó rìn. Bí Bàbá alátùn-únṣe ti kọ́ mi láti yẹ kẹ̀kẹ́ wò náà nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ẹ wo ibi tí irin ńlá ti so mọ́ ọrùn, lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ tàbí tó sán, kẹ̀kẹ́ náà ti kọlu nǹkan rí. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tuntun ní ibẹ̀ nìkan, ẹ bi ara yín ní ohun tó fi pamọ́. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wo irin méjì tó di wíìlì iwájú mú: bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bíréèkì iwájú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọrùn ń dún kó-kó-kó, ó ti dẹ̀; ẹ ní kí oníṣẹ́ wò ó.

Ẹ gbé wíìlì kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí i. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tó ti ń kọjá láàárín rọ́bà bíréèkì. Bí ó bá ń yọ́ lọ sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí, ó ti wọ́. Ẹ fi ìka ta àwọn wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá dẹ̀ kò ní dún bí àwọn yòókù. Ẹ di irin pẹ́dà mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò yẹ kó máa mì. Ẹ fọwọ́ gbé ṣéènì sókè ní àárín: bí ó bá fi díẹ̀ ju ìdajì íǹṣì kan lọ, ó dẹ̀ jù. Ẹ rí i pé páànù tó bo ṣéènì wà níbẹ̀, kí ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì ọmọ má baà há. Ẹ yọ irin ìjókòó jáde díẹ̀. Àmì kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá lójú òkè. Ẹni tó bá fà á kọjá àmì yẹn, ìjókòó lè ṣẹ́ mọ́ ọmọ nídìí.

Ẹ wá wo táyà. Táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn a máa sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ pupa lásìkò ọyẹ́. Òmíràn kò tilẹ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú rárá, rọ́bà gidi tàbí ike ni látòkè délẹ̀. Èyí kì í jò, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta ọ̀nà ni yóò dé eegun ẹ̀yìn ọmọ. Ìtàn kan wà lórí èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mú dání. Ní ìlú Belfast, ní ilẹ̀ Ireland, dókítà ẹranko kan wà tó ń jẹ́ John Boyd Dunlop. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí rọ́bà líle wà ní wíìlì rẹ̀, ó sì ń gbọn ọmọ náà jìgìjìgì lórí òkúta. Ní 1887, baba yìí fi rọ́bà ṣe ìhò gbọọrọ, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì dì í mọ́ wíìlì ọmọ rẹ̀. Ní 1888, ó gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ náà. Ọmọ Scotland mìíràn, Robert William Thomson, ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n nígbà ti Dunlop ni gbogbo ayé tó tẹ́wọ́ gbà á. Bí ọkọ̀ bá ń gbé yín lọ lórí táyà lónìí, ẹ rántí pé ìtọ́jú baba fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wà lára ohun tó mú un wá.

Mo fi bíréèkì sẹ́yìn nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní agogo, a lè fi ẹnu pariwo. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, gọ́tà ni yóò dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kó na ìka, kó fà á. Ẹ má fi ìka tiyín dán an wò. Kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò gùn ún. Kí ọmọ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ, kó fa bíréèkì kan: wíìlì gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Kó tún fa ìkejì. Bí irin tó ń fà bá lọ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí wíìlì tó dúró, wáyà rẹ̀ ti dẹ̀ tàbí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ìdè kékeré kan wà nídìí irin bíréèkì. Bí oníṣẹ́ bá yí i, irin náà yóò sún mọ́ ìka ọmọ. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ náà ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti Ìlú Ọba wá, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń di wíìlì iwájú mú. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ló sábà máa ń di iwájú. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí tí tirẹ̀ jẹ́, nítorí bí ó bá fa iwájú nìkan lójijì, kẹ̀kẹ́ lè gbé e sọ lókè orí. Àwọn kan kò sì ní bíréèkì lọ́wọ́: bí ọmọ bá tẹ pẹ́dà sẹ́yìn ni kẹ̀kẹ́ ń dúró. Èyí dára fún ọmọ tí ìka rẹ̀ kò tíì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ṣéènì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí ṣéènì bá bọ́, bíréèkì ti bọ́ pẹ̀lú. Ó dára kó ní bíréèkì ọwọ́ kan kún un.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ má kàn bèèrè pé, “Èló ni?” Ẹ fi owó táyà, tíúbù, rọ́bà bíréèkì, wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́ kún owó tí wọ́n pè. Àròpọ̀ yẹn ni owó kẹ̀kẹ́. Rọ́bà bíréèkì, wáyà àti tíúbù kò wọ́n. Bí ìwọ̀nyí bá bàjẹ́, ẹ lè fi wọ́n dúnàádúrà kí owó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irin ńlá ló sán, tàbí irin iwájú ló tẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó tó lè mú un dára. Ẹ kí olùtajà, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ kò bá dá ara yín lójú, ẹ bẹ alátùn-únṣe kan kó bá yín lọ, kí ẹ fún un ní owó díẹ̀. Ẹ má sì dúró di ọ̀la ọdún kí ẹ tó lọ, nígbà tí gbogbo òbí ń rọ́ lọ sọ́jà tí olùtajà kò ní àyè àlàyé.

Lẹ́yìn ọdún kan tí ọmọ mi fi sá fún kẹ̀kẹ́, èmi àti Bàbá alátùn-únṣe mú un lọ sọ́jà tòkunbọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a rà, wíìlì rẹ̀ jẹ́ 16. Kò dán. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ṣí, kò ní agbọ̀n, ìjókòó rẹ̀ ti ya létí. Ṣùgbọ́n ọmọ jókòó lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ìka rẹ̀ sì tó bíréèkì. Ó fà á, ó tún fà á, ó wo ojú mi. Ó ní, “Bàbá, èyí gbọ́ràn.” A pààrọ̀ tíúbù kan àti rọ́bà bíréèkì mẹ́rin. Àròpọ̀ rẹ̀ kò tó owó tí mo ná sórí pupa àkọ́kọ́.

Bàbá kò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó yọ pẹ́dà méjèèjì kúrò. Ẹ fetí sí bó ṣe yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti ba ìdè jẹ́ níbẹ̀. Pẹ́dà ọ̀tún ń tú bí gbogbo ìdè ti ń tú, ṣùgbọ́n ti òsì yàtọ̀. Òdìkejì ni a ó yí i sí. Kí ẹ má baà gbàgbé, ẹ fi sípánà lé e, kí orí sípánà tó dà sókè máa lọ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì ń tú.

Ó wá rẹ ìjókòó sílẹ̀, ó sì ní kí ọmọ máa fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ lọ lórí pápá tó tẹ́jú. Mo rò pé àrà tirẹ̀ ni, mo sì wá rí i kà pé bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1817, ará Jámánì kan, Karl Drais, gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan jáde ní ìlú Mannheim. Kò ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni ó fi ń ta ilẹ̀. Ó di nǹkan bí 1860 sí i kí pẹ́dà tó dé sára wíìlì ní ilẹ̀ Faransé. Bí ènìyàn ti kọ́ ọ ni ọmọ náà ṣe yẹ kó kọ́ ọ: kó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dúró lórí wíìlì méjì láìṣubú, kó tó kọ́ títẹ̀. Wíìlì kéékèèké méjì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kì í kọ́ ọmọ ní èyí, nítorí àwọn ló ń bá a dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ wọ́n ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọmọ mi ti ń ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, kẹ̀kẹ́ yóò sì gbé e lọ jìnnà. A dá pẹ́dà padà. Mo fi ọwọ́ gbé e lẹ́yìn, n kò di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, nítorí ẹni tó bá di í mú kò jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n darí. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ṣófo. Ọmọ ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi, tiyín nìyí. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka, ẹ má wọ sílípáàsì. Ẹ dé akoto, kó wà lókè ojú ní ìwọ̀n ìka méjì sí ìpéǹpéjú, kí okùn rẹ̀ sì fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ra kẹ̀kẹ́ ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra akoto ní tuntun, nítorí akoto tó ti gba orí ẹnìkan là lè ti sán nínú láìhàn lójú. Inú ọgbà àti pápá ni ibi kẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré, kì í ṣe títì. Ẹ má gbé àbúrò sẹ́yìn. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ táyà, ẹ fa bíréèkì, ẹ kán epo díẹ̀ sí ṣéènì, kí ẹ má kán an sí ibi tí rọ́bà bíréèkì ti ń kan wíìlì. Ẹ má sì sùn kí kẹ̀kẹ́ wà nínú òjò.

Bí bàbá tàbí ìyá bá gbé kẹ̀kẹ́ kékeré tí kò dán wálé, ẹ má bínú. Ẹ jókòó lé e ná. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ́ sílẹ̀, tí ìka sì tó bíréèkì, ẹ dúpẹ́.

Kẹ̀kẹ́ búlúù yẹn ṣì wà nílé wa. Ọmọ kẹta ló ń gùn ún báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kán lọ́wọ́ nígbà kan ló yọ pẹ́dà rẹ̀ fún un, òun náà ló sì sọ fún un pé ti òsì kì í tú bíi ti ọ̀tún.

Ẹ̀yin ará, ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó ka owó. Ó dàárọ̀ o.